Kìlómítà 19: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí ọ̀nà yàrà Kétu

Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ fa bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìka náà sì ń gbọ̀n débi pé bíréèkì kò wọlé dáadáa. Mo ní, "Àǹtí mi, ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, máa lọ níwájú." Ohùn rẹ̀ jìnnà, bí ẹni tó ń dáni lóhùn láti inú yàrá. Mo wo ọrùn aṣọ rẹ̀. Òógùn ti gbẹ síbẹ̀, ó ti fi ìlà funfun sílẹ̀ lára àǹkárá aláró tó wọ̀, ìlà lórí ìlà. Iyọ̀ ni. Agogo 11 kọjá ogún ìṣẹ́jú. A wà ní kìlómítà 19 nínú 31, kò sì sí ilé kankan lójú wa, àfi oko ẹ̀gẹ́ àti igi kajú.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé èmi ni mo ya ọ̀nà yẹn, èmi ni mo pe ènìyàn sí i, èmi náà ni mo sì sọ fún wọn pé kò le. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Kétu, ní Ìpòbẹ́ àti ní Sábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin wa níbí, ti ń béèrè ọ̀nà náà lọ́wọ́ mi. Kí n tó fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí ní Sátidé kejì oṣù Èrèlé ọdún yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Kétu. Ọdún méjì ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ adùn gígun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Salon-de-Provence. Ọmọ ìlú náà kan, Adam de Craponne, gba àṣẹ ní 1554 láti gbẹ́ kánáàlì, ìyẹn ipa omi gígùn nínú ilẹ̀, kí omi odò Durance lè máa ṣàn wá sí ìlú wọn. Omi náà dé Salon ní 1559. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á. Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ nìkan ló ń gbé e lọ. Nostradamus, aríran tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, tó ń gbé Salon nígbà náà, wà lára àwọn tó fi owó ràn án lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ni kánáàlì náà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ti ń bomi rin pẹ̀tẹ́lẹ̀ Crau, ilẹ̀ tí òkúta roboto kún, nítorí pé ibẹ̀ ni odò Durance ń gbà kọjá ní ayé àtijọ́. Omi náà kì í mọ́ gaara. Ó máa ń gbé ẹrẹ̀ kíkúnná bọ̀, ẹrẹ̀ yẹn ló sì ń jókòó lórí òkúta títí tó fi di ilẹ̀ tó ń hu koríko tútù fún ẹran ọ̀sìn.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá kánáàlì yẹn ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, kìlómítà 38, mo yí i ká padà síbi tí mo ti gbéra. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni gbogbo ọ̀nà náà, oòrùn sì mú gan-an. Àmọ́ omi ń hó ní ọwọ́ òsì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí wọ́n ti ń ya omi sí oko, ilẹ̀kùn irin kékeré kan máa ń wà tí àgbẹ̀ ń fi ọwọ́ gbé sókè. Mo dúró níbi ọ̀kan, mo ki fìlà mi bọ omi, mo dé e padà sórí bó ṣe ń ro tótó. Igi ńláńlá ṣíji bo ọ̀nà ní ibi púpọ̀. Abúlé kọ̀ọ̀kan tí mo dé ní ẹ̀rọ omi ní ojúde. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: "Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè ṣe é."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá sí Kétu, mo sì fi wọn ọ̀nà tí kò ní omi.

Nígbà tí mo padà wálé, yàrà wa ni ọkàn mi lọ sí. Ẹ̀yin ọmọ Kétu mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹni tó ń kà á ní ibòmíràn lè má mọ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, nígbà Ọba Sa, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni wọ́n wa yàrà yí ìlú ká, tí wọ́n fi erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀ mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà tí ọba ń fi ṣọ́ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ajàyí Crowther dé ìlú náà ní 1853. Ogun Dàhòmì jà wá ní 1883, wọ́n tún padà wá ní 1886, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dó ti ìlú títí ó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó ènìyàn lọ. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Yàrà kò parẹ́. Ní ibì kan ó ṣì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí igi hù nínú rẹ̀ tí orí igi náà sì ga díẹ̀ ju ẹni tó dúró létí rẹ̀ lọ. Ní ibòmíràn wọ́n ti kọ́ ilé sórí rẹ̀, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sí i. Ó ń dùn mí. Yàrà tí àwọn baba wa fi ọwọ́ wà, tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn lẹ́bàá rẹ̀, kò yẹ kó di ibi tí à ń da ọ̀rá sí, ìdí kan sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ènìyàn máa gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá rẹ̀: ohun tí ojú ẹni bá ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kì í lè da ìdọ̀tí sí i.

Mo rí yàrà, mo rántí kánáàlì. Ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n pẹ́, wọ́n gùn, ọ̀nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí n kò rò ni pé omi ni wọ́n gbẹ́ ti Salon fún, ogun ni wọ́n sì wa tiwa dè. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ga díẹ̀ ni Kétu wà. Kò sí odò kan tó la ìlú kọjá. Odò Wẹ̀mẹ̀ wà lọ́nà jíjìn ní ìwọ̀-oòrùn. Omi ilẹ̀ jìn gan-an kí kànga tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń gbe omi òjò láti orí òrùlé sínú kòtò tí wọ́n rẹ́ dáadáa, kí wọ́n lè rí omi mu ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé. Mo dàgbà nínú ilé tó ní irú kòtò bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì bọ́ lọ́kàn mi nígbà tí mo ń ya ọ̀nà.

Ọ̀nà náà nìyí. A gbéra ní Àkàbà Ìdẹ́nà, a tọ ẹ̀gbẹ́ yàrà níbi tó ṣeé tọ̀, nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, ibẹ̀ sì tutù nítorí ilé àti igi. Lẹ́yìn náà a bọ́ sí ọ̀nà yangí tó lọ sí apá Ìlárá, a yà wọ ọ̀nà oko, a gba àárín igi tíìkì àti àgbàdo tí wọ́n ti kórè, a wá yí padà wọ ìlú láti apá kejì. Òkè kankan kò sí níbẹ̀ tó tó òkè. Fóònù mi ní kìlómítà 31. Pẹrẹsẹ ni, mo sì sọ pé kò le.

Àmọ́ ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lórí yangí ní ọ̀gbẹlẹ̀ mọ̀ pé pẹrẹsẹ kì í ṣe ìrọ̀rùn. Òkúta kéékèèké bí ẹ̀wà wà lórí ilẹ̀ líle, táyà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé ó gun ọkà. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbà, ilẹ̀ ti di ìgbì ìgbì, apá àti èjìká ló sì ń gba gbogbo ìjàǹbá náà. Ẹsẹ̀ kò ní àyè ìsinmi, nítorí kò sí ìdagẹ̀rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè fúnra rẹ̀ sáré lórí rẹ̀. O ní láti máa wà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwa márùn-ún ni a jáde: èmi, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ẹni ọdún 54, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé girama, ọ̀rẹ́ ọmọ náà, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, tó sì mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta aṣọ lọ́jà. Ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju tèmi lọ. N kò fi ojú ẹni tí kò lè ṣe é wò ó rárá, títí di òní.

Agogo méje àárọ̀ ni a dá. Agogo mẹ́sàn-án kù ogún ìṣẹ́jú ni a tó kúrò, nítorí pé táyà ọ̀rẹ́ ọmọ náà jò, a sì ń wá ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Mo yẹ kí n ti sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá gbéra ní agogo méje, oòrùn ọ̀sán máa bá a nílé. Ẹni tó bá gbéra ní agogo mẹ́sàn-án, inú oko ló máa bá a. Omi tó wà lọ́wọ́ wa: ìgò méjì lọ́wọ́ èmi, ìgò méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi mú ìgò kan tó gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà àti omi inú ọ̀rá méjì. N kò ka omi ẹnikẹ́ni kí a tó lọ. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀rọ omi kan wà ní kìlómítà 14, pé a máa rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti mu omi rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá nígbà tí mo ń yẹ ọ̀nà wò. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní Èrèlé, wọ́n ti yọ ọwọ́ irin rẹ̀ kúrò. Obìnrin kan tó ń ru igi kọjá sọ fún wa pé láti ọdún Kérésì ni ó ti bàjẹ́, àwọn sì ń lọ pọn omi ní ibòmíràn. Oṣù Ọ̀wàrà ni òjò ń rọ̀, gbogbo nǹkan ló ní omi nínú nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà lójú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó lọ wò ó. Kánáàlì tó wà ní Faransé pàápàá ní ìgbà tirẹ̀: nígbà òtútù wọ́n máa ń dá omi ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró láti gbá inú rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá lọ ní oṣù kìíní lè bá ẹrẹ̀ gbígbẹ níbi tí mo ti ki fìlà bọ omi.

Ibi ẹ̀rọ tó bàjẹ́ yẹn ni àṣìṣe gan-an ti wáyé, ó sì yẹ kí n dúró lé e lórí.

A wà ní kìlómítà 14. Ó ku 17 níwájú, ó sì jẹ́ 14 tí a bá padà. Ojú mi rí i bí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀nà tó yí ká máa ń tan ènìyàn jẹ báyìí: bí o bá ti ń sún mọ́ ìdajì, ọkàn rẹ á máa sọ pé kí lo fẹ́ padà ṣe nígbà tí ìyókù kò pọ̀ ju èyí tí o ti gùn lọ. Àmọ́ kì í ṣe kìlómítà ni mo yẹ kí n kà, omi ni. Lẹ́yìn wa, ní kìlómítà mẹ́rin péré, ọ̀nà kan wà tó já sí títì, níbi tí sẹ́míjàn ti ń kọjá tí wọ́n sì ń ta omi inú ọ̀rá. Níwájú, kò sí nǹkan kan tó dá mi lójú títí a fi máa wọ ìlú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìdúró yẹn. Ọ̀rẹ́ mi oní-sẹ́míjàn sọ ọ́ pẹ̀lú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gba títì." Ẹ̀gbọ́n mi ní ara òun le, àwọn ọmọ fẹ́ parí rẹ̀, èmi náà fẹ́ parí rẹ̀. Mo ní ká máa lọ.

Ọyẹ́ kò tíì lọ tán ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń tan ara jẹ ju oòrùn lọ. Ní oṣù tí afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin, òógùn máa ń ṣàn sí ojú ẹni, ó máa mọ̀ pé òun ń pàdánù omi. Nínú ọyẹ́, òógùn ń gbẹ bó ṣe ń jáde. Ara gbẹ, ó sì dà bí ẹni pé kò làágùn. Iyọ̀ tó kù lára aṣọ nìkan ló ń sọ òtítọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà kò ní rí i. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń tọ́jú omi rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mu tirẹ̀ tán ní kìlómítà 12, nítorí náà ó fún un ní ọ̀rá kan, kò sì sọ fún mi.

Ní kìlómítà 19 ni mo rí ìka rẹ̀.

A gbé e sí abẹ́ igi kajú. Orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, ó bì lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ tutù, ó lọ́rinrin, kò gbóná bí iná. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo la wà, kí ni orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, ibo ni a ti gbéra. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó tiẹ̀ bínú sí ìbéèrè kejì. Ìdáhùn yẹn ló fọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí oòrùn ti rẹ̀ máa ń làágùn, orí á fọ́ ọ, á fẹ́ bì, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, tí kò mọ ibi tó wà, tí ara rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ti di ewu ikú, kò sí ohun tó yẹ ju kí a máa tú omi sí i lára láìdúró kí a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

A tú ìgbàjá ìró rẹ̀, a bọ́ bàtà rẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpò mi kó lè ga ju orí lọ. Omi tó kù lọ́wọ́ gbogbo wa kò tó lítà kan. Mo pín in sí méjì: ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, mo sì fi ìyókù rin gèlè rẹ̀, mo nù ún lọ́rùn, ní abíyá, ní ọrùn ọwọ́. Ọmọ rẹ̀ mú akoto, ó ń fi fẹ́ ẹ. Omi tó wà nínú ìgò mi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí omi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì, síbẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kan gèlè tútù náà, mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe dandan kí omi tutù kó tó tu ara. Bó ṣe ń gbẹ lára ẹni ló ń gbé ooru lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ wá ilé. Ó fi nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Nígbà tó máa padà, alùpùpù ló gbé e wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wà á, kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún wà láàárín wọn, ìyá àgbà kan sì jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ike kékeré lọ́wọ́. Inú àmù ni wọ́n ti bu omi náà. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bí omi àmù ṣe rí lọ́jọ́ náà: ó tutù, ó ń rùn bí amọ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bọ́ sí.

Ìyá yẹn kò kí wa púpọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo oòrùn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wo ló ń rìn ní irú wákàtí yìí?" Ó ṣí ike náà, ṣúgà àti iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀ nínú ọ̀rá méjì. Ó ti ń bu omi iyọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe wọ́n, ó sì mọ òṣùwọ̀n rẹ̀ láìwo ìwé: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó pẹrẹsẹ lójú, àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀. Ó pò ó, ó tọ́ ọ wò, ó sọ pé kò gbọdọ̀ ní iyọ̀ ju omi ojú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún ní ìwọ̀n ẹnu kan, ẹnu kan. Omi lásán nìkan kì bá tí tó o, nítorí iyọ̀ tó wà lára aṣọ rẹ̀ yẹn, inú ara rẹ̀ ló ti jáde.

A tú omi tó kù sí i lórí àti lẹ́yìn. Nígbà tó di agogo kan, ojú rẹ̀ ti là. A gbé e sórí alùpùpù, ọmọ rẹ̀ sì di í mú lẹ́yìn, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Àwa yòókù gun kẹ̀kẹ́ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lọ sílẹ̀. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, láti ọdún tó kọjá, ó sì ti lo ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n wo páálí rẹ̀, irú èyí tó máa ń mú kí ènìyàn tọ̀ púpọ̀ ni, tó ń fi bẹ́ẹ̀ dín omi ara kù. Nọ́ọ̀sì ní oògùn náà dára, kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń lò ó tó fẹ́ ṣe irú ìrìn báyìí nínú oòrùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni àbúrò rẹ̀. Ilé kan náà la ti dàgbà. N kò mọ̀ pé ó ń lo oògùn, nítorí n kò bi í.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ kí i nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó ní kí n dìde. Ó dákẹ́ pẹ́, kó tó sọ pé, "Nígbà tí o sọ fún mi pé kò le, ta ni o fi wọ̀n ọ́n?" Mo sọ fún un pé èmi ni, mo fi ara mi wọ̀n ọ́n, àti ọ̀nà tí mo gùn ní Faransé. Ó ní, "Ìwọ ní ìgò méjì. Omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tìẹ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti tún ọ̀nà náà yà. Kìlómítà 31 náà ṣì ni, àmọ́ òdìkejì ni a ń gbà á báyìí: oko ni a ń kọ́kọ́ wọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, yàrà àti ilé tó yí i ká ni a ń fi parí. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ń gbéra, bí táyà ẹnì kan bá jò, a sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ń lọ láìní lítà méjì, mo sì ń kà á lójú gbogbo wa. Mo ń béèrè oògùn lọ́wọ́ àgbà àti ọmọdé, ní ìkọ̀kọ̀, kí a tó gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà títì tó wà nítòsí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ti wà lórí àwòrán ọ̀nà pẹ̀lú àmì pupa. Mo sì lọ bá ìyá àgbà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí a máa rọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí a máa san owó omi, ó gbà lẹ́yìn tó kọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà, a tún jáde. Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì pinnu fúnra rẹ̀ pé òun ò ní kọjá ilé ìyá àgbà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ti sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá àmù, ó ń bá ìyá ṣa ẹ̀gúsí. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ìyá dìde, ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ṣí páànù tó fi bo kòtò omi rẹ̀. A na ọrùn wò ó. Omi náà kò tíì tó ẹsẹ̀ kan, ó dúdú, ó dákẹ́, ewé máńgòrò kan ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí inú rẹ̀, ó mú ewé náà kúrò, ó sì da páànù padà sórí rẹ̀.